Ìrù Lẹ́tà Gí

Ìwé ilẹ̀ la ń wá, kì í ṣe bàbá wa.
Àbúrò mi Àwẹ̀ró ló fa àpótí páànù jáde
lábẹ́ ibùsùn, nílé wa ní Òkè Baálẹ̀.
Eruku sọ. Ikán ti jẹ igun kan.
Òórùn káńfọ̀ dìde bí àlejò tó ti sùn pẹ́.

Ìwé ìwọ̀n kòkó ló kọ́kọ́ yọjú,
láti ìgbà tí bàbá jẹ́ akọ̀wé rélùwéè,
tí ọkọ̀ ojú irin ń kó ẹrù ní Òṣogbo,
tí ariwo rẹ̀ ń mi àwo lórí tábìlì wa.
Àpò mẹ́tàdínlógójì. Àpò mọ́kànlélógún.
Orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí mi ò mọ̀:
Gbádégẹṣin, Ògúngbadé, Gbọ́lágadé.
Gbogbo gí ibẹ̀ ló nírù,
ìrù náà sì ká bí ìwọ̀ apẹja,
bí ẹni pé ó fẹ́ fi kọ́ ìlà ìsàlẹ̀ sókè.

Àwẹ̀ró dákẹ́. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ wo èyí."
Ó yọ bébà kan nínú báàgì rẹ̀,
ohun tí Ẹwàtómi ọmọ rẹ̀ kọ fún un kó rà lọ́jà:
gààrí, ẹ̀gúsí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà.
Ìwọ̀, ìwọ̀, ìwọ̀.
Ọmọ tí wọ́n bí sí Kàdúná,
ọdún méjì lẹ́yìn tí a sin bàbá!
"Ta ló kọ́ ọ?"
"Èmi kọ́. Ìkọ̀wé tèmi ẹsẹ̀ adìẹ lórí eérú ni."

Ẹni bíni là ń jọ, àgbà ti sọ ọ́.
Imú ń jọ imú, ìrìn ń jọ ìrìn;
mo mọ ilé kan ní Ayétòrò tí ikọ́ wọn bára mu.
Ṣùgbọ́n ìka tí kò bá ìka pàdé rí,
ta ló ṣe alárinà wọn?

A rí ìwé ilẹ̀ nígbẹ̀yìn.
Ìrù gí ibẹ̀ pé. Àwẹ̀ró fẹnu kò ó.
Ìgbà tí mo ka déètì ni ara mi tutù:
oṣù Ọ̀wàrà, ọdún tí bàbá kú.
Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lójú rẹ̀,
tí à ń fi ṣíbí sí i lọ́wọ́ kó tó jẹun.

A ránṣẹ́ pe Tìámíyù, ọmọ télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé,
tí ń bá a jókòó ní fàráńdà lálaalẹ́,
tí ń ka lẹ́tà fún un, tí ń bá a fèsì.
Ó wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn,
ó wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín ìtìjú.
"Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Bàbá ló ní kí n kọ ọ́.
Wọ́n máa ń di ọwọ́ mi mú lórí ìwé, níbẹ̀rẹ̀.
Nígbà tó yá, wọn ò dì í mú mọ́."

Ìyá Tìámíyù, Ìrágbìjí. Bàbá rẹ̀, Ìkìrun.
Ẹ̀jẹ̀ wa ò kan tiwọn níbi kankan.

Kí n tó sùn, mo gbà pé ojú ló ń kọ́ ọwọ́.
Mo tún rántí Ẹwàtómi, mo yí ohùn padà.

Èmi àkọ́bí, gí tèmi ò nírù.
Òsì ni mo fi ń kọ̀wé kí n tó wọ kíláàsì kejì;
tísà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun so ó mọ́ mi ní ìbàdí
pẹ̀lú okùn ṣòkòtò, títí ọ̀tún fi mọ̀ ọ́n kọ.
Bàbá rí i. Kò sọ nǹkan kan.
Ó kàn gbẹ́ pẹ́ńsùlù mi, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó.

Lóru àná, wọ́n mú iná lọ. Mo tan àtùpà,
mo fi òsì mú báírò, ìka mi ń gbọ̀n.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn bíìlì iná: Gbádégẹṣin.
Ó wọ́, ó ṣubú, ó jọ alángbá tí ológbò já nírù.
Mo ká a sísàlẹ̀ àpótí. Mi ò fi han Àwẹ̀ró.

Ìrù alángbá, ṣebí a máa hù padà.